Ìtọ̀ tó ń jò bàbá mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prọ́stéètì: ibi tọ́rọ̀ dé

Èmi ni mo béèrè lọ́jọ́sí nípa ìtọ̀ tó ń jò bàbá mi látìgbà tí wọ́n ti yọ rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prọ́stéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀), tí ẹ sì gbà wá nímọ̀ràn. Ó ti dín kù gan-an, àmọ́ kò tíì tán.

Fífún iṣan abẹ́ ló ṣiṣẹ́ jù. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fún un pọ̀ bí ẹni fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, láì sé èémí, láì fún ikùn mọ́ ọn. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ń tọ̀ lọ́wọ́ o! Ní báyìí, kí wọ́n tó dìde lórí àga tàbí kí wọ́n tó wúkọ́, wọ́n á kọ́kọ́ fún un.

Jíjáwọ́ nínú obì jíjẹ, bí ẹ ṣe ní kí wọ́n ṣe, ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀ lóru (Bàbá ṣì ń kùn). Dídín omi mímu kù ni kò bá wọn lára mu: ìtọ̀ pọ́n, ó sì ń ta wọ́n.

Ó ṣì máa ń jò bí wọ́n bá gbé kórobá omi. Dókítà ní bí ìtọ̀ bá ń tín-ín-rín tàbí tí kò jáde, ká tètè máa bọ̀. Ẹ ṣeun.