Ẹ̀yin tí ẹ ti gba cyclophosphamide, oògùn jẹjẹrẹ, kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Jẹjẹrẹ ọyàn ni tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gba oògùn, ọjọ́ 21 síra wọn. Méjì ni wọ́n ń pa pọ̀: doxorubicin, tó pupa bíi sóbò, àti cyclophosphamide, tí kò ní àwọ̀ kankan. Pupa yẹn ni gbogbo wa ń sá fún. Èyí tó mọ́ lóló ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo.

Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ìtọ̀ mi máa pupa, kí n má fòyà. Òótọ́ ni, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ó ti mọ́. Ó tún ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n má sì máa dá ìtọ̀ dúró. Ìyẹn ni mo kọ etí ikún sí. Ta ló máa mu omi yó kó tó kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kubwa?

Ọjọ́ kẹrin, nínú ọyẹ́, mo lọ tọ̀. Ó ń ta mí bí ẹni fi ata sí i, ó sì pupa. Mo ní oògùn pupa náà ni. Ọmọ mi obìnrin ní, “Màámi, èyí tó ti tán lára yín láti ìjẹta?” Ẹ̀jẹ̀ ni.

Dókítà ní bí ara bá ń tú cyclophosphamide, ó máa ń yọ oró kan, acrolein. Inú ìtọ̀ ló ń gbà jáde, bó bá sì pẹ́ nínú àpò ìtọ̀, á máa jó o. Omi ló ń ṣàn án dànù. Ní àwọn ìgbà tó kù tí mo gba oògùn, Hajiya tó máa ń jókòó tì mí ló ń ṣọ́ ìgò omi mi: “Sha ruwa!” Òru pàápàá, mò ń dìde tọ̀.

Àkànní, Zaria: Ẹ kú oríire, Màmá. Lymphoma, irú jẹjẹrẹ kan, ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ kẹ́mísírì ní ìbátan afẹ́fẹ́ olóró ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni oògùn yìí, pé ní 1942 ni àwọn dókítà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi irú rẹ̀ tọ́jú aláìsàn. Ó máa ń lẹ DNA, okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, pọ̀, sẹ́ẹ̀lì ò ní lè pín mọ́. Kò sì mọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ti irun.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó lè ba àtọ̀ jẹ́. Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wá ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì bímọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè bá yín tọ́jú tiyín pamọ́ kí ẹ tó gba ẹyọ kan. Màmá, ṣé irun yín ti hù?

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ó ti hù, ó lọ́ kókó. Mi ò mọ ẹni tó ni ín.