Àṣẹ tí a ó pa ní pápá: lórí àwọn ọ̀rọ̀ fún yíyan ológun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àkójọ ọ̀rọ̀ paréèdì tí ẹ̀gbọ́n wa fi ṣọwọ́ sí wa dùn mọ́ mi púpọ̀, mo sì kà á tán pátá. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí mi ò lè dákẹ́ lé lórí. Wọ́n pe drill ní "ìdárayá ológun", wọ́n sọ eyes right di "ẹ yí ojú yín sí apá ọ̀tún", wọ́n sì pe trooping the colour ní "yíyan àwọ̀".

Ìdárayá ni ti ìdájí, tí ọmọ ogun fi ń sáré, tó fi ń fò, kí ara rẹ̀ lè le. Drill kì í ṣe ìyẹn. Níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní láti di ẹnì kan ṣoṣo: ẹsẹ̀ kan náà, ìró bàtà kan náà. Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. Ta ló rí ṣọ́jà tó ń lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí kò ní sọ pé "wọ́n ń yan"? Iyì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń yan fanda nígboro gbé àyà síwájú, ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Àwọn kan ti ní "ìyan" á jọ iyán àti ìyàn tí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á máa sọ pé "yíyan ológun" fún gbogbo rẹ̀, kí "yíyan ẹ̀yẹ" sì wà fún èyí tí wọ́n ń ṣe níwájú Ààrẹ, tàbí nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nigerian Defence Academy bá ń jáde ní Kaduna.

Ti "àwọ̀" yẹn dùn mí. Colour tí ológun ń wí kì í ṣe pupa tàbí dúdú. Àsíá ẹgbẹ́ ogun ni, èyí tí ọmọ ogun ń wá lójú ìjà láyé àtijọ́ kó lè mọ ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e kọjá díẹ̀díẹ̀ láàárín ìlà, kí olúkúlùkù lè dá a mọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fi àwọn tuntun lé àwọn ẹ̀ka ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ́wọ́ ní Eagle Square ní Abuja níbí. Ẹni tó bá ka Bíbélì Yorùbá mọ "ọ̀págun". Òun gan-an nìyẹn. Mo dá a lábàá pé kí á pè é ní "fífi ọ̀págun han ọmọ ogun".

Ọ̀pá tí ọ̀gá sájẹ́ńtì fi ń bójú tó ìgbésẹ̀, tó ń là sí méjì láti wọn ínǹṣì 30, "ọ̀pá ìwọnsẹ̀" tó o. Ní January 15, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, tí à ń rántí àwọn ológun tó ti lọ, "dorí ìbọn kodò" fún reverse arms, níbi tí ọmọ ogun ti ń dojú ìbọn kọlẹ̀, ti bá ìṣe yẹn mu. Kò sí ohun tí a tún ń wá.

Àṣẹ gan-an ló ká mi lára jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ológun Nàìjíríà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ìlà kan ṣoṣo lè kó Tiv, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá pọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ Boys' Brigade nínú ìjọ Yorùbá ní Kubwa nílò ti wa. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ yìí ń sọ nílé ìwé, wọ́n ń gbọ́ Hausa lọ́jà. Mo fẹ́ kí ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi gbogbo ara gbọ́ Yorùbá.

Àṣẹ yíyan ní apá méjì. Àkọ́kọ́ ni ìkìlọ̀, tí a ń fà gùn kí gbogbo ènìyàn lè múra. Èkejì ni ìmúṣẹ, tí a ń gé kúrú, tí ara gbogbo wọn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú "ẹ yí ojú yín sí apá ọ̀tún", ọ̀rọ̀ ìṣe ló ṣáájú. Kí ọmọ tó mọ ibi tí òun ó yí sí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ gbé ọ̀tún síwájú, kí ẹ wo bí èdè wa ṣe ṣe é fúnra rẹ̀: "Ọ̀tún ni kí ẹ yíjúúú — SÍ!" Gírámà rẹ̀ pé. "Sí" tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn ní ohùn òkè, sílébù kan ni, kò sì sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ọ ní ìkangun ìlà. Ọ̀rọ̀ ìmúṣẹ tó bá parí sí ohùn ìsàlẹ̀ ń kú sí ọ̀fun ẹni tó ń pariwo; ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba "Ọ̀tún ni kí ẹ — WÒ!"

"Dúró" náà gba àkíyèsí. Ẹni tó ń yan kíákíá ń gbé nǹkan bí ẹsẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. "Dú" á bọ́ sí ẹsẹ̀ kan, "ró" á bọ́ sí èkejì, àwọn ọmọ á sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fà á: "Ẹ dúúú — RÓ!" Àwọn olóyìnbó náà ń gé attention tiwọn sí méjì báyìí.

Ibi tó kù ni yíyí padà sẹ́yìn. "Ẹ̀yìn ni kí ẹ yíí — SÍ!" ni mo kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n tí a bá pariwo rẹ̀ ní pápá, "ẹ̀yìn" àti "ẹ̀yin" kì í yàtọ̀ mọ́, àwọn ọmọ á máa wojú ara wọn bóyá àwọn là ń bá wí. "Padà" parí sí ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè àdúgbò, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Oǹdó, kí lẹ ń pe "ẹ̀yìn" nílé tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́.