Ẹ̀yin tó ń wo bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣe ń rìn, ẹ wá sọ ìrírí yín

Jẹjẹrẹ ọmú ni iṣẹ́ tèmi, ní yàrá ìwádìí kan ní Leeds. MDA-MB-231 là ń lò, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rí nínú omi tó kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró obìnrin kan ní Houston lọ́dún 1973. Kì í jókòó jẹ́ẹ́.

A ó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì bo ìsàlẹ̀ abọ́ pátá, a ó fi ẹnu pipette, ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń fa omi, fa ìlà la àárín wọn, a ó ṣan èyí tó já kúrò dànù, a ó wá máa ya àlàfo náà ní fọ́tò títí yóò fi dí. Kò gbówó lórí, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, àlàfo tó dí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ìrìn. Sẹ́ẹ̀lì ń bí sí i, ọmọ tuntun sì lè kún ibẹ̀. A dán oògùn kan wò, àlàfo ò tètè dí, inú wa dùn. Nígbà tí a wá fi mitomycin C dá ìbísí dúró nínú abọ́ tó ní oògùn àti èyí tí kò ní, ìyàtọ̀ pòórá. Bíbí ni oògùn yẹn ń dí lọ́wọ́, kò kan ìrìn rárá.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Boyden, dá sílẹ̀ lèmi fẹ́ràn jù. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962. Ife kékeré ni, ihò wẹ́wẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ tó máíkírómítà 8 ló wọ́pọ̀ fún jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì wà lókè láìsí serum, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ oúnjẹ wọn, serum wà nísàlẹ̀. Èyí tó bá lè fún ara rẹ̀ pọ̀ á kọjá. Lẹ́yìn náà, màá fi òwú nu àwọn tó kù lókè, màá fi crystal violet pa àwọn tó kọjá láró, màá sì kà wọ́n. Mo máa ń ní ife kan tí serum wà lókè àti nísàlẹ̀ bákan náà. Láìsí ìyẹn, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ ni wọ́n ń lé, àbí wọ́n kàn ń rìn káàkiri? Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè jẹ ọ̀nà la inú ẹran ara, ẹ fi Matrigel, nǹkan tó ń dì bíi jẹ́lì tó jọ ohun tó yí sẹ́ẹ̀lì ká nínú ara, bo àwọn ihò náà. Kí ẹ tó dà á, ẹ jẹ́ kó wà lórí yìnyín. Bó bá ti móoru díẹ̀, ó ti dì nìyẹn.

Èmi ẹni kẹta ní tèmi, fídíò ni mo fi ń ṣe é, abọ́ wà lábẹ́ máíkírósíkópù ní 37°C, kọ̀ǹpútà ń tọ ipasẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bí sí i, ẹ ó rí i. Ẹni tó bá rìn, ẹ ó rí i. Jẹjẹrẹ tó kúrò lọ́mú wọ eegun ló pa àǹtí mi, nítorí náà mi ò lè fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. MCF-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú mìíràn, ni mo ń lò báyìí, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, wọn ò fẹ́ rìn. Ẹ̀yin tó ń lò ó, wákàtí mélòó lẹ fi ń ya fídíò tiyín?