Ẹ gbà mí o, ohùn mi ń já, sípíkà ń kùn

Oníbéèrè: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Inú yàrá mi n'Íbàdàn níbí ni mo ti ń gba ìpolówó ọjà sílẹ̀ fún àwọn èèyàn, máíkì kékeré aláìníwáyà tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ yẹn ni mò ń lò, risífà ẹ̀ tó ń gba ohùn ló wà nídìí láptọ́ọ̀pù ní ihò USB. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ohùn ti ń já, màá ní "ẹ wá ra ọṣẹ", tí mo bá padà gbọ́ ọ, "ẹ wá... ṣẹ" ni. Èyí tó wá pabanbarì, tí mo bá ti ki ṣájà bọ láptọ́ọ̀pù báyìí, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù bí ẹ̀rọ alọta. Oníbàárà kan dá iṣẹ́ padà lánàá, ojú tì mí gan-an. Mo ti yọ dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù dá máíkì mọ̀, mo ti tún un fi, ẹni tó ta máíkì fún mi ní kí n kúkú ra òmíràn. Ṣé kí n rà á?

Bọ̀dá Sound: Má ra nǹkan kan. Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ risífà yẹn?

Oníbéèrè: Hard disk ni sà, ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ni mo rà á, ihò búlúù tó tẹ̀lé ti risífà ni mo ki í bọ. Ẹ ṣe mọ̀?

Bọ̀dá Sound: Òun ló ń pa ẹ́ lára. USB 3.0, ihò búlúù tí o ki í bọ yẹn, máa ń tú ariwo tí etí ò lè gbọ́ sáfẹ́fẹ́ ní sàkáání ìgbì rédíò 2.4GHz, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ máíkì aláìníwáyà, mọ́ọ̀sì, Bluetooth àti Wi-Fi ti ń sọ̀rọ̀. Intel tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra wọn kọ ọ́ síta ní 2012. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí ẹ létí tí onígángan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Wá wáyà USB alásokún kékeré kan, fi gbé risífà jìnnà sí láptọ́ọ̀pù, kí hard disk lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí o bá ń gba ohùn sílẹ̀, yọ hard disk yẹn kúrò pátápátá, kí lo fẹ́ fi ṣe nígbà yẹn?

Ìyá Ìbejì: Fóònù ńkọ́? Tèmi máa ń ṣe tìrí-tìrí-tìrí nínú sípíkà kí ìpè tó wọlé, àfi ìgbà tí mo gbé e lọ sí pálọ̀.

Ọmọ Wáyà: Ti hùùù yẹn yàtọ̀ o. Àǹtí, ẹ fi earphone gbọ́ ọ, ṣé ó ń kùn níbẹ̀ náà?

Oníbéèrè: Rárá o, ó mọ́ kedere! Sípíkà nìkan ni.

Ọmọ Wáyà: Ẹ ṣeun, iṣẹ́ yín ò bàjẹ́ nìyẹn. Ground loop ni wọ́n ń pè é. Ṣájà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀kẹta ló so mọ́ ilẹ̀, sípíkà ní mẹ́ta, wáyà ohùn tún so wọ́n pọ̀, iná wá rí ọ̀nà yí po, ìmì iná tiwa yìí, 50Hz, lẹ sì ń gbọ́ tó ń kùn. Ẹ ki àwọn méjèèjì bọ extension box kan náà, tí kò bá lọ, ẹ ra ground loop isolator, nǹkan kékeré tó ń já ọ̀nà iná yẹn, àárín láptọ́ọ̀pù àti sípíkà lẹ máa fi sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta ṣájà o.

Alákàrà Online: Èmi ṣẹ́ tèmi ó dákẹ́, mi ò sì kú 😂

Ọmọ Wáyà: Iná ò tíì rántí yín ni. Ẹ lọ ra plọ́ọ̀gì tuntun.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé o gbogbo yín. Mo yá wáyà alásokún lọ́wọ́ àbúrò mi, mo sọ "ẹ wá ra ọṣẹ" lẹ́ẹ̀mẹwàá, gbogbo ẹ̀ ló wọlé pé. Hùùù dínkù pẹ̀lú extension kan náà àmọ́ ó ṣì kù díẹ̀, earphone ni mo fi ń gbọ́ iṣẹ́ títí màá fi rí isolator rà. Ẹni tó ní kí n ra máíkì míì, mi ò tíì dá a lóhùn.