Ẹ̀yin ará Texas, báwo la ṣe máa dá ariwo data center yìí dúró?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní Texas, pàápàá ẹ̀yin lọ́yà, ẹ gbà mí o. Torí ká lè rí oorun sùn la ṣe kó wá sí abúlé, àfi bí wọ́n ṣe kọ́ data center, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sí, sí ẹ̀gbẹ́ wa, fáànù ńláńlá tí wọ́n fi ń mú kọ̀ǹpútà wọn tutù ń kùn tọ̀sán-tòru, kódà ká ti gbogbo wíńdò pa, omi inú ife á ṣì máa gbọ̀n lórí tábìlì. Mo pe ṣẹ́ríìfù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò wa, ó ní àfi tó bá kọjá 85 decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ni òfin Texas tó kà á sí ariwo àpọ̀jù, mítà rẹ̀ ò sì débẹ̀. 85 kẹ̀! Ṣé ẹ̀rọ ìgéko la fẹ́ máa sùn tì ni? Kántì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, náà ní àwọn ò láṣẹ láti ṣòfin ariwo fún ibi tí kì í ṣe ìgboro. Àwọn kan sọ fún mi pé dBA, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà ka decibel, kì í ka ohùn tó ń dún bíi béèsì dáadáa, pé dBC, ìyẹn ọ̀nà míì tó ń ka béèsì dáadáa jù ú lọ, ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n. Ṣé ẹnì kan ti gbé irú ẹ̀ lọ kóòtù rí? Irú lọ́yà wo ló ń ṣe é, èló ni wọ́n sì ń gbà?