Báwo ni mo ṣe lè tọ́ àgbà tó wà lábẹ́ mi níbi iṣẹ́ sọ́nà láìtàbùkù rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka wa. Bàbá kan wà lábẹ́ mi tó tó bí mi lọ́mọ. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀. Wọ́n mọ iṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ bí mo bá ti ní kí wọ́n tún ìwé kan ṣe, wọ́n á yọ awò ojú wọn, wọ́n á rọra gbé e lé orí fáìlì, a ò ní gbọ́ ohùn wọn mọ́ títí a ó fi ṣíwọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó kù á wá máa wò mí lójú.

Daniel Goleman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, ní kí olórí mọ ìṣesí ara rẹ̀, kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kó sì mọ ohun tó ń dun ẹlòmíì. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ bàbá yìí ń kó mi lọ́kàn sókè gan-an. Ṣé kí n máa pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, àbí kí n kọ́kọ́ béèrè bí àwọn fúnra wọn ṣe rí iṣẹ́ náà? Ẹ̀yin tí ẹ ti darí àgbà rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún wọn, báwo lẹ sì ṣe sọ ọ́?