Kí ló dé tí ìyá ẹyẹ little auk fi ń fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹyẹ òkun, ẹ bá mi dá sí i. Ẹyẹ little auk ni mo ń kà nípa rẹ̀, ẹyẹ kékeré ẹlẹ́yìn dúdú, aláyà funfun, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 160. Ó ń pamọ ní Greenland àti Svalbard, àwọn erékùṣù olótùútù ní ìhà àríwá ayé, láàárín òkúta tó ya lulẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹyin kan ṣoṣo lọ́dún. Tọkọtaya ló jọ ń sàba, wọ́n sì jọ ń bọ́ ọmọ. Àwọn ẹ̀dá inú omi tíntìntín tó jọ edé ni wọ́n ń kó sínú àpò abẹ́ ọ̀fun, tí ọ̀fun á wú gọngọ bí wọ́n bá ń fò bọ̀ láti òkun. Ó wù mí púpọ̀!

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Tó bá kù díẹ̀ kí ọmọ fò, ìyá á ti lọ ní tirẹ̀. Bàbá nìkan lá máa gbé oúnjẹ wá, òun náà lá sì bá ọmọ lọ sójú òkun. Àwọn ìbátan rẹ̀ bíi razorbill náà ń fi ọmọ lé bàbá lọ́wọ́.

Ṣé ẹyin yíyé ló ti tán ìyá lókun ni? Àbí bàbá ló mọ bí a ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ glaucous gull, ẹyẹ òkun ńlá tó ń dọdẹ wọn? Ta ló ti fojú ara rẹ̀ rí wọn? Ṣé bàbá ṣì ń bọ́ ọmọ lójú omi?